Bébà Méje Tí Abẹ́rẹ́ Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́ mi, aya mi, ó di ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lónìí tí a ti pínyà. Mi ò kọ nǹkan gígùn rí láyé mi, àfi ìwọ̀n apá àti ìbàdí àwọn ènìyàn. Inú ìwé ìwọ̀n náà ni mo ń kọ èyí sí. Láti ẹ̀yìn wá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà má baà ṣí i bá mi.

Ẹ̀yìn mi dá dúró lónìí. Kì í ṣe pé mo gbé ẹrù. Sísọ́ọ̀sì ló bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ni nǹkan bá já nínú ìbàdí mi bí òwú tí wọ́n fà jù. Mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgéṣọ, láàárín àjákù aṣọ, mò ń wo òrùlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa, ló bá mi níbẹ̀ nígbà tó wá tọrọ òwú.

Ó ní, "Baba Télọ̀, ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

Mo ní ẹ̀yìn mi ni mò ń wá. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi.

Òun ló pe ọmọ wa obìnrin lórí fóònù. Alákòóso — orúkọ tí o fún un láti ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tó máa ń to bàtà gbogbo ilé. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bàbá mi, mi ò bá yín jà. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, mò ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Bí mo bá rí i pé ẹ lè jókòó sídìí iṣẹ́ yín láìfi ọwọ́ ti ògiri, màá padà. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ máa bá mi lọ sílé, máṣíìnì méjèèjì á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lò wọ́n."

Máṣíìnì méjèèjì. Tìrẹ náà nìyẹn.

Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàbá mi?" Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Dókítà ní eegun kankan ò ṣẹ́. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n má sùn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí n wá eré ìdárayá tó rọra. Ibùsùn rọ̀ jù, ilẹ̀ le jù. Mò ń lọ mò ń bọ̀ láàárín méjèèjì bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ilẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí wọn. Ẹni tó bá dúró kò lè rí wọn: bébà pátánì méje, irú èyí tí a fi ń gé aṣọ, o ká wọn pọ̀, o so òwú mọ́ wọn, o kì wọ́n bọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ pẹ̀lú ẹní fóòmù rẹ aláwọ̀ ewé.

Pílátù. Mo rántí.

Pìlátíìsì ni Olùkọ́ Eré pè é — obìnrin gíga yẹn tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, tó ń kó iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù wá fún wa lọ́dọọdún. O ń wọn apá rẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, o fi ọwọ́ kejì ti ìbàdí. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbé téèpù yẹn sílẹ̀ kí ẹ dùbúlẹ̀, mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín." Ọjọ́ Àbámẹ́ta márùn-ún ló fi kọ́ ọ, níbí, láàárín ògiri àti máṣíìnì rẹ. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èémí, kí ikùn àti ẹ̀yìn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn.

Mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi, mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé Pílátù tó fọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú èrò náà ló tún ń kọ́ ènìyàn ní eré. O ò tilẹ̀ gbé orí sókè. O ní, "Òwú, máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ò mọ ọ̀gá." Òwú ni o ń pè mí, nítorí o ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Irọ́ ni. Mi ò tọ̀ ọ́ dórí ẹní.

Kí oṣù méjì tó pé, o ti ń gbé ìdìpọ̀ aṣọ láìkérora. Ẹ̀yìn rẹ dáa títí dọjọ́ ìkẹyìn. Ọkàn ni kò sọ fún wa pé ó ti rẹ òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo fi ìṣó kéékèèké kan bébà méjèèje mọ́ ògiri. Mo tẹ́ ẹní rẹ síbi tí o máa ń tẹ́ ẹ sí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí olè.

Ènìyàn tí o yà sínú wọn: orí rẹ̀ róbótó, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ikùn rẹ̀ yọ síta bí ẹni tó gbé ìgò omi sábẹ́ ẹ̀wù. O mọ aṣọ gé, Abẹ́rẹ́. O ò mọ àwòrán yà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà oníìkọ́ sì wà létí wọn bí ó ṣe máa ń wà létí gbogbo bébà wa.

Èkínní: dùbúlẹ̀ gbalaja, ká orúnkún, mí sínú, bí o bá ń mí síta, fa ìdodo mọ́ ẹ̀yìn. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Nígbà tí mo mí lẹ́ẹ̀karùn-ún, ikùn mi ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ máṣíìnì tí bóòtù rẹ̀ tú.

Èkejì: gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè pẹ̀lú orúnkún kíká. Ẹ̀kẹta: gbé ìbàdí kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kẹrin: fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ẹ̀karùn-ún: kúnlẹ̀ bí màlúù, na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Ẹ̀kẹfà: da ojú bolẹ̀, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Èkeje: jókòó, na ẹsẹ̀, yí sí ọ̀tún.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sinmi láàárín. Òógùn mi kọ àwòrán ẹ̀yìn mi sórí ẹní rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ó ń ro mí níbi tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbàgbé fèrèsé. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé e.

"Baba Télọ̀, ta ló ta yín lulẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ta mí.

"Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìẹ tí òjò pa."

Mo ní Pílátù ìyàwó mi ni mò ń ṣe. Ó ní, "Ó bẹ̀ mí bẹ̀ mí kí n wá bá òun ṣe é. Mo ní ẹni tó ti gbé àpótí búrẹ́dì láti àárọ̀, kí ló tún fẹ́ máa gbé ẹsẹ̀ fún." Ó wo ìhà máṣíìnì rẹ, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Mo mọ ohun tó wò. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ tí o fi dìde lórí àga yẹn tí o ní o fẹ́ lọ mu omi, tí o ò padà. Etí rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ funfun tí mo fi bo máṣíìnì. Obìnrin yẹn tó lè sọ̀rọ̀ títí omi á fi gbẹ nínú kànga, kò bi mí léèrè síkẹ́ẹ̀tì náà rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ó ń sàn. Mo jókòó sídìí máṣíìnì fún wákàtí kan àti ààbọ̀ láìdìde. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé: ogójì ni wọ́n fẹ́ kí oṣù tó parí. Mo ti rán mẹ́fà.

Mo pe Alákòóso, mo ní kó má wulẹ̀ wá ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò." Ìwọ ló bí i, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Nǹkan kan ń fà mí ní ẹ̀gbẹ́ òsì, láti ìbàdí dé abẹ́ ìhà. Ìdí ọ̀tún mi le dáadáa, mo lè gbá a bí tábìlì. Òsì ni ò gbà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú kúkúrú rán ẹ̀gbẹ́ mi kan, wọ́n fi gígùn rán èkejì.

Bóyá mi ò ṣe é tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo sọ ọ́ di ogún ogún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mi ò lè nàró. Bí mo ṣe dìde lórí ẹní, ara mi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti ògiri rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì wá, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Baba, ẹ ń rìn bí akàn tó ń lọ kí àna rẹ̀."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi." Ó fi omi gbígbóná sínú ìgò, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sí ẹ̀yìn mi. Ó jókòó tì mí títí omi náà fi tutù.

Nígbà tó lọ tán, mo tú bébà rẹ kúrò lára ògiri, mo tún fi òwú dì wọ́n. Mo sọ fún ọ pé Pílátù rẹ ti fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rọ̀ mi. Mo sọ ọ́ sókè, nínú ṣọ́ọ̀bù, fún ògiri. Ọ̀rọ̀ míì tún tẹ̀lé e tí mi ò ní kọ síbí. Pé ta ló ní kí o lọ mu omi.

Dárí jì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Alákòóso pè. Ó gbọ́ èémí mi lórí fóònù kí n tó sọ pé ara mi yá.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má parọ́ fún mi."

Mo ní mi ò purọ́.

Ó ní òun ti bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọge ní aṣọ rírán. Yóò gba máṣíìnì méjèèjì. Ó ní òun ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún mi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó ń sọ nípa fèrèsé náà bí ẹni tó ń tan ọmọdé wọlé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìwọ pẹ̀lú mi fi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, máṣíìnì sí máṣíìnì. Kí ni n ó máa fi fèrèsé ṣe?

Yunifọ́ọ̀mù di mọ́kànlá. Ó kù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Abẹ́rẹ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mi ò lè jókòó, mo ní kí n máa dúró gé èyí tó kù. Mo tẹ́ aṣọ iléèwé sórí tábìlì, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Mo gbé pátánì ẹ̀yìn ẹ̀wù lé e. Ìdajì ni pátánì náà, bí a ṣe ń ya gbogbo wọn: èjìká kan, ihò apá kan, ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sún etí rẹ̀ mọ́ ojú ìṣẹ́po aṣọ. Mo mú ṣọ́ọ̀kì.

Ìlà oníìkọ́ wà létí pátánì, ìlà gígùn tó tẹ orí méjèèjì bí ìkọ́. Mo ti fa ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: *ìdajì nìyí, ẹ̀gbẹ́ kejì wà lábẹ́ rẹ̀, bí o bá gé e báyìí, méjì ni yóò ṣí sí.*

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀.

Mo lọ tú òwú kúrò lára bébà méje rẹ. Èkínní àti ẹ̀kẹta, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kò ní ìlà náà. Bí mo ṣe kọ́kọ́ wò ó, mi ò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àwọn márùn-ún tó kù ní in. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìlà oníìkọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìlà oníìkọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe ìdajì ara mi. Èmi télọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní bá gé ìdajì ẹ̀yìn ẹ̀wù tó gbé e wá bá mi, ohun tí màá sọ fún un kò ní ṣeé sọ níwájú ìyá rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi dùn mí. Lẹ́yìn náà ló wá di ohun mìíràn, mo sì jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ẹ̀gbẹ́ òsì. Márùn-ún péré. Mo ti tún kan bébà mọ́ ògiri.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ògiri ni mò ń wò. Bí mo bá wá yí padà kí n lè gbé ẹsẹ̀ òsì, máṣíìnì rẹ ni: ojú mi á bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ tààrà, níbi tí sálúbàtà rẹ wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wọn. Láti ọjọ́ yẹn mi ò wo ibẹ̀ rí. Mò ń gbálẹ̀ yí i ká.

Nítorí náà mo dìde ní àárín eré, mo yí orí mi padà sí ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, mo tún dùbúlẹ̀. Báyìí, ọ̀tún o, òsì o, ògiri ni mò ń wò. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọ nígbà méjèèjì.

Ojú tì mí nígbà tí mo ká ẹní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Olùkọ́ Eré wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí bébà lára ògiri kó tó rí yunifọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́, àfi ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ọ̀tún nìkan? Ogún ogún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò tíì máa yípo bí òkòtó ọmọdé."

Ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí òun wò ó. Ó ní mò ń sáré. Mò ń di èémí mú bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Kí n máa ṣe márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ dé mẹ́wàá. Kí n máa dìde lórí àga ní wákàtí wákàtí, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ìrora bá sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹsẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ bá kú, kí n fi bébà sílẹ̀ kí n lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi ya á?"

Mo ní kó má baà gbàgbé ni.

Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín kò nílò bébà. Ó mọ̀ ọ́n lórí láti ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi náà bi í. Ó ní, 'Ọkọ mi ni mò ń ya á dè. Kò ní ṣe é nísinsìnyí tí mo wà ńbí tí mò ń bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá mú un ni yóò wá a.' Ó ní kí n wo ikùn ẹni tó wà nínú àwòrán náà."

Mo wo ògiri. Ikùn tó yọ síta.

Abẹ́rẹ́, o mọ àwòrán yà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo yí padà, mo sì wò ó.

Sálúbàtà rẹ. Eruku ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n àpá ìka ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà nínú wọn, àtàǹpàkò jinlẹ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bọ́tìnnì funfun kan. Ibi tí o ń tẹ̀ lára máṣíìnì ti dán. Etí síkẹ́ẹ̀tì Ìyá Oníbúrẹ́dì ń mì díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀kan. Mo mí síta. Èjì. Mi ò mọ ìgbà tí mo kà á dé mẹ́fà, mo sì dúró.

Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Aago méje àárọ̀ ti lù, oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, mi ò dáhùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n

Mo rìn jáde láìfi ọwọ́ ti ògiri. Mo lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì níbi tábìlì rẹ̀, mo ní síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.

Ó ń to búrẹ́dì. Kò wò mí. "Mo mọ ibi tó wà."

"Kí ló dé tí ẹ ò béèrè?"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Kí ẹ fà á yọ fún mi? Ṣé síkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo ní láyé ni?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara. "Mo ní ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà tí mo rí i, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣì ń rán an lọ́wọ́."

Mo ní ọ̀túnla ni kó wá gbà á.

Ó ní, "Tí kò bá yẹ mí mọ́ ńkọ́? Mo ti ń jẹ ọjà ara mi láti ìgbà yẹn."

Mo ní màá tú ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mẹ́jọ lọ́tùn-ún, mẹ́jọ lósì. Lẹ́yìn náà mo ká aṣọ funfun kúrò lórí máṣíìnì rẹ.

Òwú rẹ ṣì wà nínú abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí àga rẹ. Ó lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ, o máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo ní àwáwí ni. Mo bọ́ bàtà. Mi ò wọ sálúbàtà rẹ, mo kàn gbé ẹsẹ̀ lé ibi tó dán yẹn. Ó kérora lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà.

Ohun tó kù létí síkẹ́ẹ̀tì náà kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ìṣẹ́jú kan. Ibi tí rírán rẹ parí sí, tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ó hàn sí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò: tìrẹ dì ju tèmi. Mo ronú pé kí n tú u kí n tún gbogbo rẹ̀ rán kó lè dọ́gba. Mi ò tú u.

Ó wá gbà á. Ó gbé e sí ìbàdí, ó wo etí rẹ̀ pẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí i. Ó ní, "Ó dára," ó ká a há abíyá, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yunifọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́ta ló kù. Mo lè parí wọn lónìí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ de ọ̀la, kí ọmọ rẹ lè rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ó dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọkọ̀ ńlá, òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Okùn ìdìrù wà ní ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó wo ògiri pẹ̀lú bébà rẹ. Ó fa bẹ́ǹṣì sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, Bàbá mi. Mo fẹ́ wò."

Mo ṣiṣẹ́. Ní wákàtí wákàtí mo dìde, mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo padà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó ní, "Ṣé ó ti dùn yín ni?" Mo ní ara eré ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ká orúnkún, mo mú un. Ó ní, "Mo rí yín." Ojú rẹ nìyẹn gan-an.

Kò tíì di aago méjì tó fi dìde láti lọ wo ọkọ̀. Bó ṣe dìde, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò síwájú, gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń fi ọwọ́ tì í.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní kì í ṣe nǹkan kan, wákàtí márùn-ún ni òun fi wakọ̀.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní láti ìgbà ọmọ kejì.

Mo tẹ́ ẹní rẹ. Ó ní, "Bàbá mi, èmi ni mo wá wò yín." Mo ní kó dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Mo kọ́ ọ ní èémí, mo kọ́ ọ ní ìdodo. Ó ń sáré bí èmi náà ṣe ń sáré. Mo ní, ẹ̀yìn ò mọ ọ̀gá. Ó ṣí ojú, ó wò mí, ó tún pa á dé.

A ṣe ọ̀tún. Mo ní kó yí padà. Ó yí padà, ó dojú kọ abẹ́ máṣíìnì. Ó rí sálúbàtà rẹ. Mo ka márùn-ún fún un. Kò dìde. Mo tún ka márùn-ún míì, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè wà níbẹ̀ láìwá àwáwí.

Nígbà tó jókòó, ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní bébà náà. Mo ní rárá, ikùn mi ló wà níbẹ̀. Mo tẹ́ bébà tuntun sórí tábìlì, mo ya tirẹ̀ fún un: orí róbótó, ẹsẹ̀ gígùn, ìdajì ìdajì, mo sì fa ìlà oníìkọ́ sí etí àwọn tó yẹ. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí ìlà náà ń sọ.

Ó ní, "Ọmọ télọ̀ ni mí, Bàbá mi. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kejì wà ńbẹ̀?"

Mi ò sọ ti ọjọ́ mọ́kànlá yẹn fún un. Lọ́jọ́ mìíràn, bóyá.

Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Mi ò tíì fagi lé e o. Ìparí ọdún, màá tún wá wò ó." Mo ní kó máa bọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ ju bébà rẹ̀ àti búrẹ́dì tí aládùúgbò wa rù lé e lórí. Àti sálúbàtà rẹ. Ó bi mí bóyá òun lè mú wọn. Ó fi ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n níbẹ̀, ó sì bá a mu. Ó wọ̀ wọ́n lọ.

Ilẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ máṣíìnì rẹ báyìí, àti bọ́tìnnì funfun yẹn. Mi ò mú un. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà tí ojú mi á máa bá níbẹ̀.

Lọ́la, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn: ọ̀tún mẹ́wàá, òsì mẹ́wàá. Màá máa ṣe é lọ, Abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.